Kì Í Ṣe Ohun Tí O Kà: Ìtanijí fún Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ àti Ẹni Tó Ń Wáṣẹ́ ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè ní Asaya

Nígbà tí àwọn agùnbánirọ̀ bá ń wọlé, gáréèjì Kàbà máa ń kún. Ẹ ó rí wọn pẹ̀lú báàgì ńlá àti fáìlì tí wọ́n fi ọ̀rá wé nítorí òjò, wọ́n ń bá ọlọ́kadà ná owó tí yóò gbé wọn dé Asaya, níbi tí àgọ́ agùnbánirọ̀ Ìpínlẹ̀ Kogi wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà/Bùnú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó pín wọn káàkiri. Ọmọ Sókótó á pàdé ọmọ Calabar, ọmọ Ìjẹ̀bú á pàdé ọmọ Makurdi, ìbéèrè tí kálukú sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹnì kejì lẹ́yìn orúkọ ni: "Kí lo kà?"

"Akáǹtì."

"Bàọ́lọ́jì."

"Másíkọ̀mù."

Ó parí. Ẹni tó ka akáǹtì ti di akáǹtáǹtì lójú ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì bá ìyá aláta kan ṣírò owó ọjà rí. Nígbà tó bá wá kan àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti SAED, ẹ̀ka tí àjọ NYSC dá sílẹ̀ ní 2012, tí wọ́n ní kí kálukú yan èyí tó wù ú nínú aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe, kéèkì, ọṣẹ tàbí ẹja sísìn, ọ̀pọ̀ á kàn tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan náà. Àwọn mìíràn á lọ síbi tí ìbòòji bá wà. A kò bá wọn wí. Oòrùn Asaya kì í ṣe kékeré.

Ìdí wà tí ìbéèrè yìí fi rinlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ilé ìwé tètè dé ilẹ̀ Ọ̀kun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogi. Tommie Titcombe, míṣọ́nnárì ará Kánádà tí àjọ ajíhìnrere SIM rán wá, ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Ilé ìwé girama tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Titcombe College, bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Àwọn Kátólíìkì ní St. Augustine's College ní Kàbà. Láti irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ni tíṣà, akọ̀wé, dókítà àti ọ̀gá àgbà iṣẹ́ ìjọba ti jáde lọ sí Kàdúná àti Ìlọrin, àti sí Lọ́kọ́ja nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991. Bàbá àgbẹ̀ tó ta iṣu kó lè rán ọmọ rẹ̀ nílé ìwé kò ṣàṣìṣe. Sátífíkéètì kan ṣoṣo ti gbé odidi ìdílé dìde rí. Ṣùgbọ́n ìgbà tó jẹ́ pé ẹnì kan péré ní àdúgbò ló ní i nìyẹn. Lónìí, ilé wo ní Kàbà ni kò ní méjì tàbí mẹ́ta nínú àpótí?

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta mìíràn ló kù tí a kì í bi àwọn ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń sọ irú òṣìṣẹ́ téèyàn jẹ́ gan-an. Kí lọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe ju ti ẹgbẹ́ rẹ lọ? Kí ló ń mú ọ dìde lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lé ọ? Kí ni o kò ní ṣe bí wọ́n tilẹ̀ fi owó bò ọ́? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkálòlò ti mọ ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò lè dáhùn, ìwé ẹ̀rí ló ń gbẹnu sọ fún un, ìwé ẹ̀rí kì í sì í sọ púpọ̀.

Ìdákọ̀ró tí Schein rí

Edgar Schein, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní Amẹ́ríkà, tó kú ní 2023, yan akẹ́kọ̀ọ́ 44 láàárín 1961 sí 1963, gbogbo wọn ń kọ́ nípa bí a ti ń darí ilé iṣẹ́. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó jáde. Ní 1973, ó tún wá wọn lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò jọra. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi kálukú léèrè ìdí tó fi kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, ó rí i pé ìdí ẹnì kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ nítorí pé wọn kò jẹ́ kó dá ronú, ohun kan náà ni yóò lé e kúrò ní ìkejì. Bí iṣẹ́ bá gbé e jìnnà sí ohun tó jẹ́, nǹkan kan á fà á padà. Schein pe nǹkan náà ní ìdákọ̀ró, ó sì kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé kan, Career Dynamics, ní 1978. Ohun mẹ́ta tó wà nínú ìdákọ̀ró náà ni ẹ̀bùn tí ènìyàn rí pé òun ní, ohun tó ń wá kiri, àti ohun tó kà sí pàtàkì.

Nígbẹ̀yìn, ó tò ó sí oríṣi mẹ́jọ. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé kó ṣáà mọ iṣẹ́ kan dé ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ darí ènìyàn. Ẹnì kan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ ìgbà tí òun yóò dé fún òun. Ẹnì kan fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀, kí owó oṣù má yẹ̀, kí owó ìfẹ̀yìntì sì wà. Ẹnì kan fẹ́ dá nǹkan tuntun sílẹ̀, ẹnì kan fẹ́ sin aráàlú, ẹnì kan fẹ́ ìṣòro tó le tí yóò máa bá jà, ẹnì kan sì fẹ́ kí iṣẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún ilé.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹni ìkẹrin, ẹni tó fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń bú jù láyé òde òní. Gbogbo àpérò fún àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń sọ pé kí ọmọ má wáṣẹ́ ìjọba, kó dá tirẹ̀ sílẹ̀, kó di ọ̀gá ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ dáadáa di onígbèsè. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ bí kò bá mọ iye tí yóò wọlé lóṣù tó ń bọ̀, tó sì lè jókòó ti fáìlì láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí pé nǹkan kan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ìpínlẹ̀ kan kò lè dúró láìsí irú wọn.

Ohun kejì tó wúlò fún wa nínú iṣẹ́ Schein ni pé kò sẹ́ni tó lè mọ ìdákọ̀ró rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kíláàsì. Àfi kó ti ṣiṣẹ́, kó ti jìyà díẹ̀, kó ti rí èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn àti èyí tó ń sú u. Ọmọ ọdún 22 tí kò tíì mọ ohun tí òun jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò pẹ́ rárá. Àwọn òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ohun tí ọwọ́ mọ̀

Ní Bùnú láyé àtijọ́, obìnrin tí kò mọ aṣọ hun ṣọ̀wọ́n. Orí òfì òró tó fara ti ògiri ni wọ́n ti ń hun ún, ọmọbìnrin á sì jókòó ti ìyá rẹ̀ títí ọwọ́ òun náà á fi mọ̀ ọ́n. Elisha Renne, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, gbé láàárín wọn ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó sì tẹ ìwé jáde lórí ohun tó rí ní 1995, Cloth That Does Not Die. Ó ṣàlàyé ibi tí aṣọ funfun ti wúlò, aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń gbéyàwó, àti aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní ìpò, tó jẹ́ ti ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá. Nígbà tó débẹ̀, iṣẹ́ náà ti ń tán lọ. Àwọn ọmọbìnrin ti gba ilé ìwé lọ.

Ẹ rò ó wò. Nínú abúlé tí gbogbo obìnrin ti jẹ́ ahunṣọ, bí ẹnì kan bá ní "ahunṣọ ni mí", kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tí àwọn ará abúlé mọ̀ ni pé etí aṣọ ìyá báyìí kì í wọ́, pé ọwọ́ ìyá kejì yá bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ti sún mọ́lé, pé ìyá kẹta ló lè fi sùúrù kọ́ ọmọ tí orí rẹ̀ le, pé ìyá kẹrin ni kí wọ́n kó aṣọ fún bí ó bá di ọjọ́ ọjà. Iṣẹ́ kan náà, ọwọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí lónìí fún àwa tí a ní dìgírì. "Mo ka akáǹtì" ti di "ahunṣọ ni mí".

Báwo wá lèèyàn ṣe ń mọ ohun tí ọwọ́ òun mọ̀? Ọ̀nà tó dájú jù ni kó wo ohun tí àwọn ènìyàn ń wá bá a fún láìjẹ́ pé ó polówó rẹ̀. Ta ni wọ́n ń pè bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́? Ta ni wọ́n ń gbé owó àjọ fún? Ta ni ọ̀gá máa ń ní kó ka lẹ́tà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́? Ohun tó máa ń ṣòro nínú rẹ̀ ni pé ohun tó rọrùn fún ènìyàn kì í jọ ẹ̀bùn lójú rẹ̀. Ó rò pé gbogbo ayé ló lè ṣe é.

Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin kan tó ń ra káṣú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Kàbà. Ó jáde ilé ìwé gíga pọlitẹ́kíníìkì, ìmọ̀ ìṣirò-ìwádìí ló kà, kò ríṣẹ́. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní: "Mi ò tíì ríṣẹ́ o, mo kàn ń fi káṣú gbọ́ bùkátà ná."

Ẹ wá dúró tì í ní oṣù Kẹta tí ọjà bá kún. Àgbẹ̀ kan sọ àpò kalẹ̀ lórí ọkadà. Ọmọkùnrin yìí kò wo ojú àpò, nítorí ojú àpò ni wọ́n máa ń to èyí tó dára sí. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó bu ẹ̀kúnwọ́ jáde, ó mì í sí etí. Káṣú tó gbẹ máa ń dún. Èyí tó tutù kì í dún. Ó tún bu láti àárín, ó bu láti òkè, ó pò wọ́n pọ̀. Ó wọn kílò kan, ó ka iye kóró tó wà nínú rẹ̀, nítorí bí iye náà bá ṣe kéré tó ni kóró ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà ló wá kó díẹ̀ sórí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la káṣú, ó là á sí méjì, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ níwájú àgbẹ̀: èyí tó funfun tó sì kún, èyí tó ti ní àmì dúdú, èyí tó ti súnkì. Kò fi eyín là á, ẹni tó bá dán an wò lẹ́ẹ̀kan ni epo ara èèpo rẹ̀ yóò bó lẹ́nu. Ó ṣírò, ó dá iye lé e. Àgbẹ̀ ráhùn díẹ̀, ó gbà, nítorí wọ́n jọ rí i.

Ẹni tó ní òun kò tíì ríṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì nípa bí a ti ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ mọ ohun tó wà nínú púpọ̀, òun ló ń ṣe lórí àpò yẹn. Ó tún mọ bí a ti ń dá iye láìjà, ó sì mọ ìwé kọ, nítorí ọ̀gá rẹ̀ tó wà ní Èkó kò rí àpò náà rí, ìwé tó kọ nìkan ló ń wò kó tó fi owó ránṣẹ́. Bí ó bá lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́la tó sì sọ pé "n kò ní ìrírí kankan", òun ló gé ara rẹ̀ kúrú.

Ẹ bi ènìyàn mẹ́ta tó ti rí yín lẹ́nu iṣẹ́ léèrè: "Kí lẹ rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe?" Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ẹ ti bá ní gbólóhùn asọ̀ rí. Ẹ má fi ìyá yín kún wọn. Ìyá á ní gbogbo rẹ̀ lẹ mọ̀.

Ohun tó ń jí ọ

Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú, ni wọ́n bí ní 1972. Èdè Faransé ló kà ní Yunifásítì Ìlọrin, ó sì jáde ní 1992 pẹ̀lú ipò kìn-ín-ní. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Ọ̀kun mọ ohun tí àwọn àgbà yóò ti sọ nípa Faransé: kí ni yóò fi ṣe, àfi kó kọ́ni? Òótọ́ ni, ó kọ́ni. Ó gba oyè kejì ní Ìbàdàn, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Kánádà ní 2002, ó kọ́ni ní Penn State ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ó lọ sí Carleton ní Ottawa, níbi tó ti di olùdarí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2010 ó gba ẹ̀bùn Penguin fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, lórí àròkọ, kì í ṣe ìtàn àròsọ. Láàárín gbogbo rẹ̀, ó ń kọ àròkọ sínú àwọn ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, ó ń fi àwọn olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń fi àwa tí a ń pàtẹ́wọ́ fún wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, 2019, ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú Ethiopian Airlines tó já ní kété tó gbéra ní Addis Ababa, tí ènìyàn 157 sì kú nínú rẹ̀.

Lójú tiwa, kò sí ibì kan nínú ìtàn yìí tí ọ̀rọ̀ "Faransé" ti tó láti sọ ẹni tó jẹ́. Ohun tó so ó pọ̀ ni pé kò lè dákẹ́ lórí Áfíríkà, kò sì lè fi àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé sílẹ̀ láìtọ́ wọn sọ́nà. Kò sí kọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin. Faransé ni ọkọ tó fi ro oko náà.

Ó jọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Eyitayo Lambo, ọmọ Ìpínlẹ̀ Kogi tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 2003 sí 2007. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni, ìlera ló fi ìmọ̀ náà sìn, ìgbà tirẹ̀ sì ni ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ gbéra, ní 2005.

Ohun tó ń jí ènìyàn kì í ṣòro mọ̀ bí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún ara rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe tí ebi kò fi pa yín títí ilẹ̀ fi ṣú? Kí ló máa ń bí yín nínú níbi iṣẹ́ tí kì í bí àwọn yòókù nínú? Ẹni tí inú rẹ̀ máa ń ru bí wọ́n bá jẹ́ kí arúgbó dúró pẹ́ lórí ìlà, iṣẹ́ ìsìn aráàlú wà lára rẹ̀. Ta ni ẹ ń ṣe ìlara rẹ̀? Ìlara burú, ṣùgbọ́n kì í purọ́.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote ní Obajana. Mílíọ̀nù 16.25 tọ́ọ̀nù ló lè ṣe lọ́dún, kò sì sí ọjọ́ tí tírélà rẹ̀ kì í gba ojú ọ̀nà wa kọjá. Kò sí ọ̀dọ́ ní agbègbè yìí tí kò ní fẹ́ ríṣẹ́ níbẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rọ ló wù ọ́, àbí owó oṣù, àbí kí àwọn ará ilé rí ọ pẹ̀lú akoto àti bàtà onírin? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bójú mu, ibi tí wọ́n ń gbé ènìyàn lọ ló yàtọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ wù lè lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹwáyà tàbí mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá ní Kàbà nígbà tó bá ń dúró de Obajana. Ẹni tó ń wá owó nítorí àbúrò mẹ́rin tó wà nílé ìwé lè rí i ní ibòmíràn kíákíá. Owó kì í ṣe ìdí tó ń tini lójú. Kéèyàn ṣáà sọ ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe, ibẹ̀ ni òótọ́ ọ̀rọ̀ máa ń wà. Ti akoto, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ohun tí o kò ní tà

Ìwà tí ènìyàn dì mú lẹ́nu iṣẹ́ kì í hàn títí yóò fi ná an ní nǹkan. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sára ògiri: òtítọ́, ìdúróṣinṣin, ìfọkànsìn. Ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́ òtítọ́? Nítorí náà, ẹ má kọ orúkọ ìwà sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ kò ní ṣe.

Ọmọkùnrin oníkáṣú wa lè kọ ọ́ pé: "N kì í da omi sí ọjà kó lè wúwo, n kì í sì í dákẹ́ bí mo bá rí ẹni tó ń ṣe é." Tíṣà kan lè kọ ọ́ pé: "Bí wọ́n bá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí a lè kọ ìdáhùn sí pátákó lọ́jọ́ ìdánwò, n kò ní sí ní yàrá náà." Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì lè kọ ọ́ pé òun kò ní fọwọ́ sí ìwé ọjà tí òun kò fojú rí. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wúwo. Ẹni tó bá kọ ọ́ ti mọ ọjọ́ tí yóò ṣòro fún òun.

Olóyè Sunday Awóníyì, ọmọ Mọ̀pà tí wọ́n bí ní 1932, Àró ìlú Mọ̀pà, kọ́ iṣẹ́ ìjọba ní Àríwá. Yorùbá ni, Kristẹni ni, síbẹ̀ òun náà ni alága ẹgbẹ́ Arewa Consultative Forum, ó sì di ohun tó gbà gbọ́ nípa Àríwá mú títí ó fi kú ní 2007. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀kun, pàápàá àwọn tó fẹ́ kí ilẹ̀ wa bá àwọn Yorùbá yòókù ní Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn pọ̀, kò gba tirẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì parí, kì í sì í ṣe tiwa láti parí rẹ̀ níbí. Ohun tí a rí ni pé kò sẹ́ni tó máa ń ṣiyèméjì nípa ibi tó dúró sí, ìyẹn àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ àti àwọn tó ń bínú sí i. Bí ìwà tí ẹ dì mú kò bá tíì bí ẹnikẹ́ni nínú rí, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Nígbà tí owó oṣù bá dúró

Ní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogi bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ àwọn òṣìṣẹ́ orí ìwé tí kò sí níbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tòótọ́ ni owó oṣù wọn dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí ilé kan ní ilẹ̀ Ọ̀kun tí kò kàn, nítorí ilé tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ilẹ̀ wa.

A fẹ́ sọ èyí kó yé yín dáadáa: kéèyàn mọ ara rẹ̀ kì í san owó ilé ìwé ọmọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tí wọn kò sanwó fún ni wọ́n ṣẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró tó lè bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí ìyàtọ̀ kan. Ẹni tó jẹ́ pé ipò rẹ̀ ní ọ́fíìsì nìkan ló mọ̀ pé òun jẹ́, nígbà tí ọ́fíìsì kò dá a mọ̀ mọ́, ó dà bíi pé ilẹ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè mú ọmọ tó ń bẹ̀rù ìṣirò kó fẹ́ràn rẹ̀, ó ṣí lẹ́sìnnì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, owó kékeré ni, àmọ́ ó ṣì ń jẹ́ tíṣà.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀

Abala ìwé kan tó. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ọwọ́ yín mọ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní ibi tí ẹ ti ṣe é, ẹ pa á rẹ́. Ẹ kọ ohun tó ń jí yín ní gbólóhùn kan. Ẹ kọ ohun kan tàbí méjì tí ẹ kò ní ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè sọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti oníkáṣú yóò rí báyìí:

"Mo mọ káṣú láti inú àpò. Kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀ ni mo ti lè sọ bí yóò ṣe dára tó, ìwé tí mo sì kọ sílẹ̀ ni ọ̀gá mi fi ń sanwó. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí àgbẹ̀ àti oníbàárà má ṣe rẹ́ ara wọn jẹ. N kì í ra ọjà tí n kò dán wò."

Ilé iṣẹ́ tó bá ń wá ẹni tí yóò máa yẹ ọjà wò, ìbáà jẹ́ káṣú, kòkó tàbí sìmẹ́ǹtì, á fẹ́ gbọ́ ju èyí lọ. Òun gan-an ni kó sì kọ sí òkè ìwé tó fi ń wáṣẹ́, kí ọjọ́ ìbí àti orúkọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní "sọ nípa ara rẹ fún wa", kó má ka orúkọ abínibí àti iye àbúrò. Èyí ni kó sọ. Kó sì tún un kọ lọ́dọọdún, nítorí iṣẹ́ tuntun máa ń fi ohun tuntun han ènìyàn nípa ara rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbaniṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí kí ẹ tó béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ ó gba ènìyàn tó dára jù, owó tí ẹ ń ná lórí ẹni tó ń wá tó ń lọ á sì dín kù.

Bí a ti ń sọ ọ́ nílé

Ibi tó le jù kì í ṣe níwájú àwọn tó ń gbaniṣẹ́. Níwájú bàbá ni. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọbìnrin kan ka másíkọ̀mù nítorí pé bàbá rẹ̀ fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò. Nígbà tó ń sìnrúùlú, ó rí i pé kíláàsì ló ń jí òun. Kó má sọ ọ́ lórí fóònù. Kó wá sílé, kó kúnlẹ̀, kó jẹ́ kí bàbá jẹun tán.

"Ọ̀kun o, bàbá. Ẹ kú ìsinmi."

"Ọ̀kun, ọmọ mi. Wọ́n ti pè ọ́ láti Abújá?"

"Wọ́n pè mí, bàbá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo bá wá. Ọdún kan ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ JSS 2. Àwọn tí kò lè ka ìwé tààrà nígbà tí mo dé, mọ́kànlá nínú wọn ti ń kà á báyìí. Ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ kí n dúró. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Tíṣà? Lẹ́yìn gbogbo owó tí mo ná?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà tíṣà ni yín. Iṣẹ́ yẹn lẹ fi tọ́ mi."

"Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni n kò fẹ́ kí o rí."

"Mo gbọ́, bàbá. Ọdún méjì ni mò ń tọrọ. Bí kò bá dára, mo máa lọ sí Abújá."

"Èló ni wọ́n fẹ́ máa san? Ta ló máa san owó ilé?"

"Wọ́n ní yàrá fún tíṣà, bàbá. Ó wà nínú lẹ́tà."

"Mú lẹ́tà náà wá. Kó awò mi bọ̀ láti orí fìríìjì, kí n fi ojú ara mi kà á kí ìyá rẹ tó dé."